Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Imú Ìyá Mi

Ìyá mi ti kú. Mẹkáníìkì ni. Àwọn tó wá kí wa nílé ń bi mí pé irú èèyàn wo ni, torí àwọn kan mọ̀ ọ́n ní ọgbà mẹkáníìkì nìkan, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n ní àdúgbò nìkan. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ lójú èèyàn. Ìwé mi ò sì jìnnà. Táyà ni mò ń lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ohun tí ojú mi rí.

Mi ò ní kọ bó ṣe kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ó parí. Wàhálà tó bá ọkọ̀ bàbá mi ṣe ni mo fẹ́ kọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ti mọ ìyá mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ̀ náà. Ó dàgbà jù mí lọ. Pákó àti búlọ́ọ̀kù ni bàbá mi fi ń kó. Búlúù ni tẹ́lẹ̀, ní báyìí kò sẹ́ni tó lè búra sí àwọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì kò ṣeé ṣí láti inú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé síta kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi kì í sáré. Jẹ́jẹ́ ni àwọn dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Wọ́n ní tí Jẹ́jẹ́ bá gbé pákó tútù, pákó á ti gbẹ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ìyá mi ní tirẹ̀, Onímú ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi. Imú ló fi ń ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu pẹtiróòlù, epo àti atẹ́gùn ló ń jẹ pọ̀. Tí epo bá pọ̀ jù, ó ti yó jù nìyẹn. Èéfín rẹ̀ á dúdú, á máa rùn bí ibi tí wọ́n da epo sí. Tí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, ebi ló ń pa á. Ọkọ̀ tí ebi ń pa á máa wúkọ́. Kò ní lè fa ẹrù. Ara rẹ̀ á máa gbóná, tó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, fáàfù inú rẹ̀ á jó, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́ pátápátá. Èéfín ebi máa ń ta imú, á gbẹ, á mú omi jáde lójú. Ìyá mi á ní kí wọ́n tan ọkọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu sàlẹ́ńsà, á fi ọwọ́ fẹ́ èéfín díẹ̀ sí imú bí ẹni tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Á dìde. Á ní, "Ó yó jù," tàbí kó ní, "Ebi." Ó tán. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn á ti máa tú nǹkan kiri láti àárọ̀, òun ti mọ ọ̀nà tó máa gbà.

Ọkọ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ti bàbá mi yìí, kì í ṣe ti ayé àtijọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe ti òde òní tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Àárín ló wà. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n dè mọ́ ara páìpù èéfín, ó rí bí ìka ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo bí atẹ́gùn tó ṣẹ́kù nínú èéfín ṣe pọ̀ tó, kó máa ròyìn. Tí ìròyìn bá burú, iná kékeré kan á tàn níwájú dẹ́rẹ́bà. Mẹkáníìkì á wá fi wáyà so ihò méjì pọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, iná náà á máa ṣẹ́jú. Bó bá ṣe ṣẹ́jú sí la fi ń mọ ẹjọ́ tó ń rò.

Àwọn mẹkáníìkì kan wà, tí iná bá ti ṣẹ́jú pé sẹ́ńsọ̀ rí ebi, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n máa yọ dànù. Wọ́n á fi òmíràn sí i. Èyí a máa pa ìyá mi lẹ́rìn-ín. Á ní, "Ọmọ tó sáré wá sọ fún yín pé ilé ń jó, ẹ gbá a létí, ẹ wá lọ pe ọmọ mìíràn."

Ọkọ̀ yìí náà ló so àwọn òbí mi pọ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí iṣẹ́ kíkọ́ nígbà náà. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ wọlé, bàbá mi sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú tó fà ro. Ọ̀gá tó ń kọ́ ìyá mi níṣẹ́ kò ráyè. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn, ó dìde. Ó ní, "Ọkọ̀ yín yó jù. Ẹ̀yin fúnra yín ni ebi ń pa." Bàbá mi ní òtítọ́ ni, òun ò tíì jẹun láti òwúrọ̀. Ìyá mi pín búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì. Bàbá mi máa ń sọ pé láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ òun ti ń bàjẹ́ nígbà gbogbo, òun ò mọ ìdí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn, ìyá mi ní nǹkan kan ṣoṣo lòun ń béèrè: ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn. Bàbá mi gbà. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń búra pé àwọn ò ní fẹ́ ìyàwó kejì. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó búra.

Nílé, ìyá mi ò jẹ́ pe bàbá mi ní ìwọ láé. Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, omi ìwẹ̀ yín ti gbóná. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti wọ ọgbà mẹkáníìkì, ó di, "Ìwọ dẹ́rẹ́bà yìí, bọ́ sílẹ̀ kí n ríran." Bàbá mi á bọ́ sílẹ̀, á ní ẹ má bínú, ọ̀gá. Gbogbo ọgbà á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì kì í rẹ́rìn-ín rárá. Eré wọn nìyẹn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí ibà kan tó mú ìyá mi. Ibà lásán ni, pẹ̀lú ọ̀fìnkìn. Ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó padà síbi iṣẹ́. A ò tún ronú kàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agolo pẹtiróòlù dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó jókòó lé. Epo ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo wà nídìí táyà lọ́ọ̀ọ́kán, imú mi ti ń ta. Òun ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Mo sáré lọ, mo fà á dìde, mo wa iyanrìn bo epo náà. Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí.

Mo ní, "Màmá, ẹ ò gbóòórùn ni?"

Ó kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì tó kù sílẹ̀. Ó wá ní, "Láti ìgbà ibà yẹn. Mo rò pé ó máa padà."

Kò padà. Ó ní kí n má sọ fún bàbá mi. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní bàbá mi ti fi imú òun fọ́nnu káàkiri, kò sí ibi ìdúró ọkọ̀ tí kò tíì sọ ọ́ dé. Ó ní tó bá gbọ́, ohun méjì ló lè ṣe. Ó lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó sì lè máa gbé e wá sọ́dọ̀ òun nítorí àánú. Ó ní òun ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo dákẹ́. Ìyá mi ló ní kí n dákẹ́.

Nílé, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló máa jókòó tì í, tí kò ní mọ̀. Ìrẹsì á dúdú nísàlẹ̀, ilé á kún fún èéfín, òun á máa ká aṣọ lọ. Bàbá mi á jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó jẹ èyí tó burú jù tán, ó ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa ń dùn jù. Ó tún ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ àìsàn tirẹ̀.

Òkè gíga kan wà lẹ́yìn ibi ìlagi. Tí ọkọ̀ bá gbé pákó débẹ̀, ó máa ń wúkọ́. Agbára rẹ̀ á lọ. Iná ẹ́ńjìnnì tàn. Bàbá mi gbé e wá sí ọgbà, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Ìyá mi ní kó tan án. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí sàlẹ́ńsà bó ṣe máa ń ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í pẹ́ níbẹ̀. Ó dìde, ó wọlé lọ mú wáyà. Ó mú kí iná ṣẹ́jú. Iná ní ebi.

Ó tú púlọ́ọ̀gì. Ó funfun bí ẹfun. Ìyẹn náà ní ebi. Nítorí náà, ebi kì í ṣe irọ́. Ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé ni kò hàn. Ó fi omi ọṣẹ ra gbogbo hóòsì, ó ń wá ibi tó máa hó. Kò sí. Ó yẹ pọ́ọ̀mpù epo wò, ó ń ti epo dáadáa. Ó pààrọ̀ àsẹ́ epo. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tó yára jù, bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tó ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ó yọ sẹ́ńsọ̀, ó fi òmíràn sí i.

Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé awò ojú rẹ̀ sókè. Ó ní, "Onímú, ọmọ ta ni wọ́n gbá létí lónìí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi máa ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì dùn. Lọ́jọ́ yẹn ó kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ ní àkísà. Ó nù ún títí.

Bàbá mi wa ọkọ̀ lọ. Nígbà tó dé lálẹ́, ìyá mi béèrè pé ọkọ̀ ńkọ́. Ó ní bí tuntun. Lọ́jọ́ kejì ó tún ní bí tuntun. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì ń yára wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dára kì í pẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ yẹn, kódà kó jẹ́ ti Jẹ́jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí ìyá mi tó jáde, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ó pe bàbá mi. Ó ní ọkọ̀ yìí ń gbóná jù. Bàbá mi ní oòrùn ni. Ìyá mi wo ojú ọ̀run, ó ní oòrùn ti wọ̀ tipẹ́.

Ó wọlé wá bá mi. Ó ní ọkọ̀ yìí máa tó jó fáàfù, tó bá sì jó o, iṣẹ́ bàbá mi ti parí nìyẹn, torí ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Ó ní òun máa bá a gun òkè yẹn lọ́la, kí òun lè mọ ohun tó ń ṣe é. Kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Tó bá débẹ̀ tí kò sì mọ̀ ọ́n, kò tún sí bó ṣe máa fi imú yẹn pamọ́ mọ́.

Mo bá wọn lọ, torí ọkọ̀ tó gbó kì í ṣaláìní táyà tó máa jò. A di pákó kún ẹ̀yìn, a fi ṣéènì so ó. Ìyá mi jókòó sáàárín, èmi wà létí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá mi ń fi etí sílẹ̀. Bàbá mi ń súfèé, èyí tí kì í ṣe.

A dé òkè. Ó gùn ún dé ìdajì. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó kú. Mo na ọwọ́ síta, mo ṣílẹ̀kùn, mo fi òkúta dí táyà lẹ́yìn. Nígbà tí mo padà dé ojú fèrèsé, ìyá mi ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó ní iná ẹ́ńjìnnì ńkọ́. Bàbá mi ní kò tàn. Ìyá mi na ìka. Ibi tó yẹ kí iná wà, téèpù dúdú kékeré kan ló wà níbẹ̀, wọ́n gé e dọ́gba dáadáa. Ó fi èékánná ṣí i. Iná náà là sí wa lójú bí ojú ológbò.

"Ìwọ dẹ́rẹ́bà yìí, kí ni mò ń wò yìí?"

"Téèpù ni, ọ̀gá."

"Mo mọ̀ pé téèpù ni. Ta ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀?"

Bàbá mi ní òun ni. Ó ní iná náà ń ta sí òun lójú.

"Lọ́sàn-án gangan?"

Bàbá mi gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì, ó tún gbé e padà. Ìyá mi yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọjọ́ tí mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ yẹn, ṣé ọkọ̀ yìí tiẹ̀ sàn díẹ̀?"

"Rárá."

"Ẹ wá ń sọ fún mi pé bí tuntun."

"Mi ò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́."

Ọkọ̀ kan kọjá lára wa, ó fun fèrè, ó lọ. Ìyá mi ń wo iwájú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lára ògiri.

"Imú mi ti kú. Mi ò gbóòórùn nǹkankan mọ́. Epo, èéfín, àágùn yín, kò sí ọ̀kan. Ìdí tí mo fi pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ lè gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tí nǹkan rẹ̀ pé."

"Mo mọ̀," bàbá mi wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé imú rẹ ti kú. Láti ìgbà tí ìrẹsì ti ń jó."

"Ẹ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń dùn jù."

"Kí ni ǹ bá sọ? Ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan ló kù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ìyá mi ní kí ni mò ń fi eyín ṣe. Mo pa ẹnu dé. Bàbá mi wá sọ pé àwọn dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ òun ti ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun gbé ọkọ̀ lọ sí ibòmíràn, òun ò dá wọn lóhùn. Ó ní, "Mi ò fi imú ṣe ìyàwó. Ìwọ ni mo fẹ́. Tí o bá ní o kò mọ ohun tó ń ṣe é, a jọ máa jókòó tì í títí tó máa fi jó."

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la dákẹ́. Ọkọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, a sì fi téèpù dí i lẹ́nu.

Ìyá mi fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní ó tó, kí bàbá mi sọ fún òun gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ti gbọ́ nínú ọkọ̀ yìí láti ìgbà tó ti ń wúkọ́. Gbogbo rẹ̀, kó má yọ nǹkankan sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ tuntun sí mi. Ìyá mi kì í bi dẹ́rẹ́bà ní ìbéèrè. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà gùn ju ọ̀nà tó wà lọ, imú òun tó òun.

Bàbá mi ronú. Ó ní ọkọ̀ kì í wúkọ́ tí kò bá sí ẹrù. Ìyá mi mi orí. Ó ní kì í wúkọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìyá mi mi orí. Ó ní nǹkan kan tún wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi. Ìyá mi ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Tí mo bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì lórí òkè, nǹkan máa ń sọ gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Gbì bí ti kí ni?"

"Bí ẹni tó sanra jókòó."

"Láti ìgbà wo?"

"Ṣáájú kí iná tó tàn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ìwọ lo máa ń sọ fún mi. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ní ohun tí mo lè sọ."

Ìyá mi wò ó. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó gun ẹsẹ̀ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí bàbá mi tan ọkọ̀, kó ki jíà sí i, kó tẹ búrékì mọ́lẹ̀, kó wá máa fi ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí èmi máa ṣọ́ òkúta. Ó tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnnì, ó yí etí sí i.

Bàbá mi fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ fẹ́ lọ, kò lè lọ. Ẹ́ńjìnnì gbé èjìká kan sókè, bí ẹni tó fẹ́ dìde lórí àga. Rọ́bà tó jókòó lé, tí àwa ń pè ní síìtì ẹ́ńjìnnì, ti já ní ẹ̀gbẹ́ kan. Rọ́bà ńlá mìíràn sì wà lókè, èyí tó ń gbé atẹ́gùn láti ilé àsẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó hunjọ bí ọrùn arúgbó. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbé èjìká, ó fa rọ́bà yẹn, ìhunjọ kan nísàlẹ̀ sì là. Ó la ẹnu gbàgàdà. Mo gbọ́ tó ń fa atẹ́gùn, fííì. Ọkọ̀ wúkọ́.

Ìyá mi ní kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Gbì. Ẹ́ńjìnnì jókòó. Ẹnu náà pa dé bíi pé kò là rí.

Ó ní kí bàbá mi tún un ṣe. Ó tún là. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú orí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rín tí mi ò ti gbọ́ láti ìgbà ibà. Ó pe bàbá mi kó wá wò ó, bàbá mi ní òun ló ń tẹ búrékì. Ìyá mi wá kígbe ṣàlàyé fún un láti ibẹ̀. Ó ní ẹnu méjì ni ọkọ̀ rẹ̀ fi ń jẹun. Atẹ́gùn tó gba ẹnu gidi wọlé, ẹ́ńjìnnì á kà á, á bu epo tó bá a mu sí i. Èyí tó gba ẹnu ìkọ̀kọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kà á. Lọ́gbà, ọkọ̀ jókòó ni, ẹnu pa dé, kò sí bí omi ọṣẹ ṣe máa hó. Orí òkè nìkan ló ti ń jalè jẹ atẹ́gùn. Ó ní sẹ́ńsọ̀ ò parọ́, èyí àkọ́kọ́ ò parọ́, èkejì náà ò parọ́.

"Mo gbá ọmọ ọlọ́mọ létí," ó wí.

Rọ́bà inú táyà kì í wọ́n lára mi. Mo gé ọ̀já gígùn kan fún un. Ó wé e mọ́ ọrùn arúgbó náà, ó fi wáyà dì í pinpin. A tú ṣéènì kan kúrò lára pákó, ó fi so ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ kó má lè gbé èjìká mọ́. Ó ní ọgbọ́n ojú ọ̀nà nìyẹn, òun máa ṣe é dáadáa tí a bá délé. Ó sì ṣe é. Ó wá síìtì àti rọ́bà mìíràn lára ọkọ̀ tí wọ́n ti patì, ó fi sí i. Láti ìgbà náà ló ti ń bi àwọn dẹ́rẹ́bà léèrè ọ̀rọ̀. Ó máa ń jókòó tì wọ́n bí nọ́ọ̀sì, á ní ìgbà wo, báwo ló ṣe dún, ṣé ẹrù wà níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn wọn dé ìparí. Ó sọ fún gbogbo ọgbà pé imú òun ti kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá torí imú. Wọ́n ṣì ń pè é ní Onímú. Ó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ padà sórí òkè yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i tí mo bá di ojú.

Mo yọ òkúta. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ sí i. Ọkọ̀ fa pákó yẹn bí ẹni tó jẹun dáadáa. Kò wúkọ́. Kò sí gbì. Bàbá mi ò súfèé mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ mùsítáàṣì. A dé orí òkè, ìyá mi ní kó dúró, kó má pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sídìí sàlẹ́ńsà, ó ti gbé ọwọ́ sókè láti fẹ́ èéfín sí imú, kó tó rántí. Ọwọ́ náà dúró bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ti tẹ̀ lé e. Orúnkún rẹ̀ ò dáa, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kó kọ́ òun. Ìyá mi ní kó má fà á símú bí ẹni fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó fi ọwọ́ fẹ́ ẹ díẹ̀. Bàbá mi ti fà á símú. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìyá mi gbá a lẹ́yìn, ó ní kó tún gbìyànjú. Ó tún gbìyànjú, ó di ojú.

"Ṣé ó ta yín nímú?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń rùn bí epo?"

"Rárá."

"Ẹ farabalẹ̀. Kí ló ń rùn?"

Bàbá mi farabalẹ̀. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó la ojú, ó rí bí ẹni tó kùnà ìdánwò. Ó ní kí ìyá mi má bínú, òun ò mọ iṣẹ́ yìí ṣe.

"Kò rùn. Mi ò gbọ́ nǹkankan."

Èéfín ọkọ̀ tó jẹun tó kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn. Bàbá mi ò mọ ìyẹn. Èmi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ni mò ń wò. Ó gbé ọwọ́ tó kún fún gírísì lé bàbá mi léjìká.

Ó ní, "Ohun tí èmi náà gbọ́ nìyẹn."